Ọmọ Tó Fi Ọwọ́ Di Etí Nínú Ìsìn

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí títọ́ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, fún àwọn òbí àti òṣìṣẹ́ ìjọ ní Ṣómólú àti Bàrígà

Mo rí i pé àwọn òbí kan dúró sẹ́nu ọ̀nà torí pé ọmọ wọn ò fẹ́ wọlé. Ẹ dúró síbẹ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ọmọ tó bá sì fẹ́ máa rìn káàkiri nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó máa rìn. Mo ti bẹ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé kó bá wa yí i wálẹ̀, nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síwájú díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ariwo yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ ìsọ́ òru á mọ ohun tí mo ń sọ. Aago kan òru ti kọjá. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kojú sí ìjọ lọ́tùn-ún lósì, onídùrù ń tẹ̀, onílù ń lù, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó ń mì síwá sẹ́yìn, ó sì figbe ta. Ẹnì kan nínú àwọn aládùúrà á ní, "Ẹ ò rí i? Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Jésù." Wọ́n á yí i ká. Ohùn á ròkè. Bí ohùn wọn ṣe ń ròkè ni igbe ọmọ náà ń ròkè, ìyá rẹ̀ á máa ṣe àmín pẹ̀lú omijé lójú. Tó bá ti rẹ ọmọ náà tó sùn lọ, wọ́n á ní ohun náà ti jáde. Lọ́jọ́ Àìkú, tí ìlù bá tún dún, ọwọ́ ọmọ á tún lọ sí etí.

Ariwo ló ń sá fún. Etí àwa ará Èkó ti le. A lè sùn lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìró tí àwa ò kà sí máa ń gún wọn bí abẹ́rẹ́, iná tó ń ṣẹ́jú lè dà wọ́n láàmú, àmì tí wọ́n rán sí ọrùn aṣọ lè mú kí wọ́n bọ́ṣọ sílẹ̀ láàárín ọjà. Ọmọ tó di etí rẹ̀ ń sọ fún wa, ní ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀, pé ó ti pọ̀ jù fún òun. Tí a bá wá gbé ohùn sókè sí i, a kò gbọ́ ohun tó sọ nìyẹn.

Ohun tí mo bá wá kò pọ̀. Ìgbàgbọ́ Kristẹni lè gbé òbí irú ọmọ yìí ró, mo sì ti rí ibi tó ti gbé wọn ró. Ṣùgbọ́n inú ọwọ́ àti àkókò àwọn ará ìjọ ni ìrànlọ́wọ́ yẹn máa ń gbà wọlé, ohùn tó ga kò mú un wá rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bá yí. Ní 1943, Leo Kanner, dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, l'Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí ìṣe wọn jọra. Wọn kì í sábà wojú ẹni. Wọ́n lè máa yí ìdérí ìkòkò nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọn ò fẹ́ kí ohunkóhun yẹ̀ nínú ètò ọjọ́ wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Hans Asperger kọ irú rẹ̀ ní Vienna. Láti ìgbà náà, àwọn onímọ̀ ti rí i pé ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀ dàgbà, pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ látinú oyún, pé ohun tí ọmọ jogún lára òbí sì ní ọwọ́ ńlá níbẹ̀. Kì í ràn. Kò sí oògùn tó ń wò ó, ì báà ṣe ti òyìnbó, ì báà ṣe àgbo. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọ̀nà tó bá a mu máa ń kọ́ nǹkan, àwọn míì sì ń kọ́ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àìsàn òyìnbó ni. Ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Victor Lotter rin àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà nínú wọn, ó wo àwọn ọmọ tó wà ní ilé ìtọ́jú, ó sì rí àwọn tó ní ọ́tísíìmù láàárín wọn. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn 127 ló ní in lágbàáyé. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bá ní ọmọ 500, ẹ máa retí nǹkan bíi mẹ́rin. Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá ní òun ò rí ìkankan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n wà nílé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Àmì rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tó ti pé ọdún kan, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kò yíjú. Ọmọ tí kì í na ìka sí nǹkan kó lè fi hàn yín. Ọwọ́ yín ló máa ń fà lọ síbẹ̀. Ọmọ tó ti ń pe dádì àti mọ́mì, tí ọ̀rọ̀ wá gbẹ lẹ́nu ẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọdún méjì. Èyí tó ń fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn. Èyí tó ń to ìdérí ìgò mínírà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ilé ò ní rójú bí ẹ bá ṣí ẹyọ kan nípò. Èyí tó lè ka ìpolówó ọjà orí tẹlifíṣọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì ku ẹyọ kan, tí kò sì lè sọ pé ebi ń pa òun. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kò tó ẹ̀rí. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n sì kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò, torí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa náà kì í yíjú sí orúkọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀" dá yín dúró fún ọdún mẹ́ta.

Ilé ìwòsàn LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, LASUTH wà ní Ìkẹjà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábàá ní ẹ̀ka tó wà fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, ní Òṣòdì ni ẹ̀ka náà wà. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ Yábàá yìí, ọkàn àwọn kan ti lọ sí Yaba Left, wọ́n ń bi ara wọn pé, ṣé ọmọ mi ya wèrè ni? Rárá o. Ibẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé wà, ìyẹn náà ni.

Nígbà tí dókítà bá ti sọ̀rọ̀ tán, ìdílé á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìyá ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ kàn. Wọ́n á ní nígbà tó lóyún, ó ń rìn lọ́sàn-án gangan, kò fi píìnì há aṣọ, iwin ló pààrọ̀ ọmọ mọ́ ọn nínú. Wọ́n á ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni. Ìyá ọkọ á ní, "Àwa ò ní irú ẹ̀ nínú ìdílé wa," ọ̀rọ̀ mélòó kan péré, ó sì ti tú ilé ká ní Bàrígà yìí ju bí mo ṣe fẹ́ rántí lọ. Mo tilẹ̀ ti rí àdúgbò tí wọ́n ti ń fi orúkọ àkọ́bí pe ìyá kan láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n wá yí i padà sí orúkọ àbúrò nígbà tí ọ̀rọ̀ àkọ́bí yìí hàn síta. Wọ́n rò pé àwọn ń ṣe é lóore.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Chicago, Bruno Bettelheim tẹ ìwé jáde ní 1967, ó di ẹ̀bi ru àwọn òbí, pàápàá ìyá: ó ní ìyá tí ìfẹ́ ọmọ kò sí lọ́kàn rẹ̀ ló sọ ọmọ dà bẹ́ẹ̀. Ó wọ aṣọ ọ̀mọ̀wé, ó ń sọ ohun tí ìyá ọkọ ń sọ ní Ṣómólú. Bernard Rimland, bàbá tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù, ti kọ̀wé ní 1964 láti fi hàn pé inú ọpọlọ ni ọ̀ràn náà ti wá, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ayé tó gbọ́ tirẹ̀. Ẹ tún ti gbọ́ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń fà á. Andrew Wakefield ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1998, lórí ọmọ 12. Ní 2010, ìwé ìròyìn náà fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gba abẹ́rẹ́ fún ọmọ yín. Èéyi ń pa ọmọ.

Ohun tó ń mú ìdílé fi ọmọ pamọ́ ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀, torí kì í ṣe ìkà ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí a ṣe ń ṣe ìwádìí kí a tó fọ́mọ fọ́kọ. Alárinà á lọ, á bi àwọn ará àdúgbò léèrè: ṣé kò sí wèrè ní ìdílé wọn? Ṣé kò sí wárápá? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ìyá tó ní ọmọbìnrin tó ti tó lọ́kọ, tó sì tún ní ọmọkùnrin tó ń mì síwá sẹ́yìn lójúde, ó mọ ohun tí alárinà á gbé padà sílé. Nítorí náà ó ti ọmọkùnrin sínú yàrá. Ó ń gba ọmọ kan là, ó ń ti èkejì mọ́lé, òun fúnra rẹ̀ sì ń sunkún láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó ṣílẹ̀kùn, kó kọ́kọ́ bá àwọn tó ń ṣe ìwádìí sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyá ìjọ ni àwọn yẹn. Inú ẹgbẹ́ yín ni wọ́n ti ń bèèrè.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù pàápàá bèèrè irú rẹ̀. Ní Jòhánù orí kẹsàn-án, wọ́n rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, wọ́n ní ta ló dẹ́ṣẹ̀, ṣé òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀? Jésù ní kò sí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ nínú wọn. Gbogbo wa la mọ ibẹ̀ yẹn, a ti gbọ́ ìwàásù lórí ẹ̀. Ohun tí a máa ń kà kọjá ni ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ nínú orí kan náà: àwọn aṣáájú Júù pe àwọn òbí ọkùnrin náà, wọ́n bi wọ́n léèrè nípa ọmọ wọn, àwọn òbí yẹra fún ìdáhùn, wọ́n ní kí wọ́n bi ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ìdí tí Bíbélì fún wa ni pé ẹ̀rù sínágọ́gù ń bà wọ́n, kí wọ́n má baà lé àwọn jáde. Ìjọ ló ń ba àwọn òbí lẹ́rù. Mo fẹ́ kí àwọn àlùfáà wa ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní aláìgbàgbọ́ o. Mo gba àdúrà gbọ́. Mo ń bèèrè ohun tí a ń gbàdúrà fún ni, àti ohun tí a ń ṣe lórúkọ àdúrà. Ọmọ tí a kò fún lóúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ààwẹ̀ ìtúsílẹ̀, ebi ni a fi pa á. Ọmọ tí a fi ata sójú rẹ̀, tí a dè mọ́lẹ̀, tí a fi pàṣán nà kí ẹ̀mí lè jáde, ọ̀daràn ni ẹni tó ṣe é níwájú òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007. Ohun kan tún wà tó léwu tí a kì í kà sí: wárápá máa ń bá ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù rìn. Bí wòlíì bá ní kí ẹ dá oògùn gìrì dúró kí ìgbàgbọ́ yín lè pé, ẹ dìde níbẹ̀. Oògùn yẹn tí a bá dá dúró lójijì lè mú kí gìrì gbé ọmọ láìdúró, ó sì lè pa á.

Ẹ̀yin ará Kérúbù àti Séráfù, tiyín ni mo fẹ́ sọ báyìí. Mósè Orímọládé, ará Ìkàrẹ́, ẹni tí ẹgbẹ́ Séráfù ti ọwọ́ rẹ̀ àti ti Abíọ́dún Akínṣòwọ́n bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1925, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ láti kékeré. Ọdún pọ̀ tí kò fi lè rìn. Ìtàn tí ìjọ fúnra rẹ̀ ń sọ ni pé lẹ́yìn àdúrà ló dìde, ṣùgbọ́n ó ń tiro títí ó fi kú ní 1933. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro yẹn ló fi ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì, tó fi dé Òkè Ọya, tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó kọ́kọ́ rìn tọ́ kó tó gbàdúrà fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ògiri, ẹ sì ní ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ kò lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì yín títí tó fi máa sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi rò ó wò.

Kí ni àdúrà lè ṣe nígbà náà? Ọ̀rọ̀ Èlíjà ní Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19, ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Ó ti rẹ wòlíì náà débi pé ó sùn sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì dé. Kò wàásù fún un, kò bá a wí pé ìgbàgbọ́ ẹ̀ kéré. Ó fún un ní àkàrà àti omi. Èlíjà jẹun, ó tún sùn, áńgẹ́lì tún jí i pé kó tún jẹ, torí ọ̀nà jìn. Lẹ́yìn oúnjẹ àti oorun ni ọ̀rọ̀ tó kù tó wáyé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù kì í sùn dáadáa lóru. Aago méjì òru ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀ eré. Ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe ìsọ́ òru nílé láti ọdún mélòó kan. Kí ẹ tún pè é wá sí òmíràn kò lè ṣe é láǹfààní. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, kó lọ sùn. Bí ó bá jí, ẹ jọ gbàdúrà.

Ó wù mí kí ẹ mọ ọmọ àkọ́kọ́ nínú àwọn 11 tí Kanner kọ̀wé nípa wọn. Donald Triplett ni orúkọ rẹ̀, ará ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Forest, ní Mississippi. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n gba àwọn òbí rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi í sí ilé ìtọ́jú, kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. Wọ́n fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, wọ́n lọ mú ọmọ wọn padà. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ lọ́yà, kọ lẹ́tà olójú ìwé 33 sí Kanner, ó ṣàlàyé ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀. Inú lẹ́tà yẹn ni Kanner ti mú ọ̀pọ̀ ohun tó kọ nípa ọmọ náà. Lẹ́yìn náà, tọkọtaya àgbẹ̀ kan gbà á sílé. Donald fẹ́ràn láti máa ka nǹkan, àgbẹ̀ náà sì fi í sóko àgbàdo, ó ń tulẹ̀, ó sì ń ka àwọn ebè bó ṣe ń lọ. Ọmọ náà jáde ní yunifásítì ní 1958, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó rin ayé. Àwọn ará ìlú mọ̀ ọ́n pẹ̀lú gbogbo àṣà rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó máa jẹ́ bó ṣe jẹ́. Ó kú ní 2023, ó pé ọmọ ọdún 89.

Ẹ máa sọ fún mi pé ìdílé ìyá rẹ̀ ló ni báńkì náà. Òótọ́ ni, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló mú kí àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù jẹ́ kó bá wọn gbá, owó kọ́ ló sì kọ́ àgbẹ̀ yẹn pé kíkà tí ọmọ ń ka nǹkan lè wúlò lóko.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sílé. Ṣómólú àti Bàrígà nìyí. Ọ̀pọ̀ wa ń gbé face-me-I-face-you: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún ìdílé mẹ́jọ, ògiri tó fẹ́lẹ́. Ọmọ tó bá ké lóru, gbogbo ilé ló jí, bàbá onílé á sì ní kí ẹ wá ilé míì. Ìtọ́jú aládàáni wọ́n. Owó sáà kan ní àwọn ibòmíràn ju owó ilé ọdún kan lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún Arábìnrin Dọ̀tun Àkàndé, ìyá tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù, tó dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2006. Mo bọ̀wọ̀ fún ètò ọdọọdún tí GTBank máa ń ṣe, níbi tí òbí ti lè rí onímọ̀ láìsanwó. Ẹ máa tẹ́tí sí ìgbà tí wọ́n bá kéde rẹ̀. Ní tòsí wa níbí, ilé ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú Modupe Cole wà ní Àkọkà, ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ni, kẹ̀kẹ́ kan péré ni láti Bàrígà. Èkó ti ṣe òfin fún àwọn tó ní ìpèníjà ara láti 2011, òun ló dá LASODA sílẹ̀, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀ràn wọn. Ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu tirẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2019, ó sì ka ẹ̀tọ́ ẹ̀kọ́ mọ́ ọn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó bá lé ọmọ yín nítorí ọ́tísíìmù, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ kọ ọ́.

Ohun kan wà tí Ṣómólú ní tí ìlú Forest ò ní: àwa la ni iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Láti òpópónà kan dé èkejì, ẹ̀rọ Kord ń lù, ẹ̀rọ GTO ń lù, àwọn ọmọkọ́ṣẹ́ ń gbé páálí kọjá. Lábẹ́ ẹ̀rọ ìgé, ẹ máa rí àjẹkù káàdì tó lágbára, tó mọ́, tí wọ́n ń dà nù. Ní 1985, Andy Bondy àti Lori Frost, ní Delaware l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan fún àwọn ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀: ọmọ á mú àwòrán ohun tó fẹ́, á fi lé ẹ lọ́wọ́, ìwọ á sì fún un ní ohun náà lójú ẹsẹ̀. Omi. Ìrẹsì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyá. "Ó tó." Ọmọ tó ti ń forí lu ògiri torí òùngbẹ máa ń mọ̀ nígbà tó bá yá pé káàdì yá ju orí lọ. Wọ́n ń ta káàdì wọ̀nyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní dọ́là. Ẹ̀yin atẹ̀wé inú ìjọ yìí, àjẹkù tí ẹ ń sun lẹ́yìn ilé tó fún gbogbo ọmọ Bàrígà. Ẹ ya ife tiwa sí i, ẹ ya ẹ̀bà, ẹ ya dáńfó. Ọmọ wa kò mọ ohun tó ń jẹ́ hámúbọ́gà.

Omi tún jẹ mí lógún. Ní Ìlàjẹ, ní etí ọ̀sà Bàrígà, òpópónà ló ń wọ inú omi lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù máa ń rìn kúrò nílé láìdágbére, omi sì máa ń fà wọ́n. L'Amẹ́ríkà, rírì sómi ló ń pa jù nínú àwọn tó bá sọnù bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ọmọ yín lọ han àwọn apẹja àti àwọn ìyá tó ń yan ẹja létí ọ̀sà, Ìlàjẹ ni o, Ègùn ni o. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn, ẹ sọ pé kì í dáhùn bí a bá pè é, ẹ sọ ohun tó lè mú un dúró. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sínú aṣọ rẹ̀. Ìtìjú tó ń jẹ́ ká fi ọmọ pamọ́ ni kì í jẹ́ kí ẹni tó rí i létí omi mọ ilé tó máa mú un lọ.

Nínú Máàkù orí kejì, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé arọ kan, wọ́n rí i pé ilé kún, wọ́n gòkè, wọ́n dá òrùlé lu, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bíbélì sọ pé ìgbàgbọ́ wọn ni Jésù rí, ti àwọn tó gbé e. Mẹ́rin ni mo fẹ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ. Ẹni tó máa jókòó tì í nítòsí ilẹ̀kùn, jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó sì máa mú un jáde kó tó di pé ara rẹ̀ gbóná. Ẹni tó máa gbà á fún wákàtí mélòó kan lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó máa tẹ̀ lé ìyá lọ sílé ìwòsàn, torí ó rọrùn láti gbàgbé ohun tí dókítà sọ nígbà tí ọmọ ń ké. Àti ọkùnrin kan, mo tẹnu mọ́ ọn, tó máa bá bàbá sọ̀rọ̀ kó tó kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé. Àwọn bàbá máa ń rò pé ìjọ ò ní nǹkan kan láti bá wọn sọ ju pé kí wọ́n san ìdámẹ́wàá lọ. Ní ti ariwo, ìdétí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá máa ń lò kò wọ́n. Kí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ra mélòó kan sílẹ̀. Ìjọ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí l'Ékòó: àwọn Kátólíìkì ló dá ilé ẹ̀kọ́ Pacelli sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú ní Súrùlérè. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ṣe é, àti olùkọ́, àti owó ìjọ.

Ó ku ìbéèrè tí àwọn òbí kì í fẹ́ bèèrè níwájú ara wọn: bí mo bá kú ńkọ́? Donald gbé nínú ilé àwọn òbí rẹ̀ títí wọ́n fi kú, ó sì ń gbé ibẹ̀ nìṣó lóun nìkan, torí pé ìlú ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹ má fi ọmọ yìí di ẹrù lé àbúrò rẹ̀ lórí láì bi í léèrè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí: oúnjẹ tó ń jẹ, oúnjẹ tí kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀, oògùn tó ń lò àti ìgbà tó ń lò ó, orin tó ń mú un sùn, ohun tó ń dẹ́rù bà á, orúkọ dókítà rẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn nínú ìdílé. Ẹ fún ẹni méjì nínú ìjọ ní ẹ̀dà tiwọn, kí ẹ sì máa tún un kọ lọ́dọọdún, torí ọmọ ń dàgbà, nǹkan ń yí padà. Ọ̀kan nínú àwọn atẹ̀wé wa ti tẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ìwé tí àwọn tó bá fẹ́ gba ọmọ lọ́jọ́ Sátidé máa kọ orúkọ sí. Mo ti kọ tèmi. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó na ọwọ́ sókè.